Ọ̀já Tí Àpèkẹ́ Tú

Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ Àpèkẹ́, ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n wà lórí itan rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà á láti tú u.

Nílé wọn ní Ìmẹ̀kọ, aboyún ló ń hun ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ rẹ̀. Òwú pupa ló fi ń dá àrà sí i láàárín, àrà náà sì lọ́rọ̀ nínú. Ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìgbà tí ọmọ bá ń ṣègbéyàwó ni yóò sì sọ fún un. Ikú ò jẹ́ kí ìyá Àpèkẹ́ dúró dọjọ́ náà. Láti kékeré ló ti ń fìka tọ àwọn ìlà pupa yẹn. Nígbà mìíràn, lójú oorun, á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bó bá ti jí, ọ̀rọ̀ náà á fò lọ.

Kétu lọ́hùn-ún ni òwú pupa ti ń wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, ìrẹsì ò wọlé, òwú ò wọlé. Oyún nìkan ni ò mọ̀ pé bọ́dà wà. Ti Àpèkẹ́ ti wọ oṣù ìbí, kò sì sí òwú pupa tí yóò fi hun ọ̀já ọmọ rẹ̀ àfi èyí tó wà lára ọ̀já ìyá rẹ̀.

“Ọmọ laṣọ, Àpèkẹ́. Tú u,” ni Màmá Ìbídàpọ̀ wí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà.

“Màmá, bí mo bá tú u, mi ò ní mọ ohun tó sọ láéláé.”

“Láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́, o mọ̀ ọ́n?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ìbínú ló fi ti abẹ́rẹ́ bọ ìlà àkọ́kọ́.

Ó ń fa òwú, ó ń sunkún. Oòrùn ọ̀sán ń tòògbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, òwú há. Kókó ni. Ó tú u, ó tún fà á, kókó mìíràn. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn aṣọ, wọ́n kéré bí irúgbìn ẹ̀fọ́. Òwú ọjà gùn ni. Ta ní í so òwú tuntun ní kéékèèké?

“Màmá, òwú yìí ti gbó kí ìyá mi tó hun ún.”

Màmá Ìbídàpọ̀ ò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. “Wọ́n ti bọ́dà pa lọ́dún tí ìyá rẹ lóyún rẹ pẹ̀lú. Ọ̀já tí ìyá tirẹ̀ hun fún un ló tú. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ó ní kí n má sọ. Ó ní òun fúnra òun lòun máa sọ ọ́ fún ọ.”

Àpèkẹ́ kó òwú náà jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Lójú ọkàn rẹ̀, ó rí obìnrin kan tó jókòó pẹ̀lú oyún nínú, tí kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, tó ń tú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ dànù nítorí ọmọ náà. Nítorí òun. Ẹkún rẹ̀ dá. Ó mú fọ́nrán méjì, ó so wọ́n pọ̀, ó sì jókòó sídìí òfì.