Oògùn Ìyá Àgbà

Láti ìgbà tí ìyàwó Télọ̀ ti kú, Télọ̀ kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ti pín aṣọ obìnrin náà fún ẹbí, ó ti fi bàtà rẹ̀ tọrẹ, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn oríkèé, àti ìgò oògùn ikọ́ tí ìdérí rẹ̀ ti lẹ̀ pinpin ṣì wà níbi tó fi wọ́n sí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó àwọn nǹkan yìí kúrò," ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa wí.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ? Ṣé wọ́n ń bá ẹ jẹun ni?"

Ohun tí kò lè ṣàlàyé fún un ni pé ibẹ̀ ni òwúrọ̀ wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. Aṣọ àkọ́kọ́ tó rán fún un nígbà ọ̀dọ́ wọn fún un lọ́rùn, obìnrin náà kò sì gbàgbé. Á wo oògùn, á wo ọkọ rẹ̀, á ní, "Télọ̀ mi, ṣé ẹ wọ̀n mí dáadáa kẹ́ ẹ tó gé eléyìí? Kó má lọ fún mi lọ́rùn o." Lójoojúmọ́ ni Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ wá kí i pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré tó bí. Ìyá ọmọ wà ní ìdáná, Télọ̀ ń ká etí ṣòkòtò nídìí ẹ̀rọ, ilé sì dákẹ́. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé bí ọmọdé bá dákẹ́, ó yẹ kí ẹsẹ̀ yá. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé yàrá, ọmọ ti to àwọn bèbí rẹ̀ jókòó, ó bu oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú síwájú wọn.

Ìyá rẹ̀ fi ìka yẹ ẹnu rẹ̀ wò kíákíá. "Ṣé o jẹ níbẹ̀?"

"Mi ò tíì jẹ tèmi," ni ọmọ wí. "Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun. Ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n to hóró oògùn náà padà sójú ihò wọn nínú páálí. Ọ̀kan kò dín. Télọ̀ jókòó tìì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fún ọmọ yìí ló kó wọn yọ. Ó dìde, ó wá àpò, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀, ó forí lé ilé ìgbẹ́.

"Ẹ má dà á síbẹ̀, Bàbá! Omi tá à ń mu ló máa bàjẹ́. Kẹ́míìsì ọ̀nà ìsàlẹ̀ ń gbà á."

Àpótí irin kan tí wọ́n ń kó oògùn tí a ò lò mọ́ sí wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì, wọ́n fi àgádágodo tì í. Apoògùn, ọ̀dọ́bìnrin onígíláàsì kan, kúnlẹ̀ kí i, ó na bírò dúdú sí i.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ pa orúkọ ara páálí rẹ́. Àìsàn tó ṣe Màmá, àṣírí tiwọn ni."

Télọ̀ gbé bírò lé orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. "Ọmọ mi, bá mi pa á rẹ́."

Ọ̀dọ́bìnrin náà rọra pa á rẹ́.

"Ẹ ò lè fún aláìsàn mìíràn ni?"

"Rárá, Bàbá. A ò mọ bí ooru ti ṣe é nínú ilé. Iléru kan wà fún un, ibẹ̀ ni wọ́n máa sun ún."

Télọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jù wọ́n sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ kò kán an lójú.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà gun ẹsẹ̀ Télọ̀ jókòó. "Bàbá àgbà, ṣé oògùn yẹn dùn?"

"Ó korò bí orogbó! Wo bí ìyá àgbà rẹ ṣe máa ń ṣe." Ó di ojú, ó fún imú pọ̀, ó yọ ahọ́n síta gbọọrọ.

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ tún un ṣe," ni ìyá ọmọ wí.

Télọ̀ tún un ṣe.