Ẹ̀wù Aró Harnshaw

"Ibí kọ́, mà," Derek wí. Ó dúró gbọnin lẹ́nu géètì, ó di irin mú. "Ẹ ti ṣì mí mú wá. Pápá Harnshaw ni mo ní mò ń lọ."

"Pápá Harnshaw náà nìyí," Norma, ìyàwó rẹ̀, dá a lóhùn. "Wọ́n kàn tún un kùn ni."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Derek Haslam ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní mà, bí ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Àìsàn ìgbàgbé ti gba orúkọ ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gba ọ̀nà ilé, ó ti gba bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì rí gbà: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Harnshaw. Bí Norma bá ti mú un jókòó sí àyè wọn lọ́sàn-án Sátidé, ojú rẹ̀ á là. Á máa dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti kú, á máa bú rẹfirí. Títí eré fi máa parí, Norma á tún ní ọkọ.

Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun. Àwọn aláró ló dá Harnshaw sílẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró létí odò. Aró tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò ni wọ́n fi pa ẹ̀wù àkọ́kọ́, látìgbà náà ni gbogbo ìlú sì ti ń pe ẹgbẹ́ náà ní Aláró. Olówó tuntun ní aró ò tà lókè òkun. Ó sọ ẹ̀wù di àwọ̀ ọsàn, ó yọ àwòrán ìkòkò kúrò láyà rẹ̀, ó fi ẹkùn sí i. Norma tọwọ́ bọ̀wé, ó bá àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn dúró nínú òjò títí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Joyce Pilling, tó ti ń ṣọ́ géètì náà láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́, sún mọ́ wọn. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló wà lọ́rùn òun náà.

"Derek, wọlé jàre. Páì ẹ ń tutù."

"Mi ò mọ̀ yín rí," Derek wí, ó ń wo jákẹ́ẹ̀tì náà.

Joyce gbójú sílẹ̀. "Norma, àwọn ló ní ká wọ̀ ọ́. Bí mo bá bọ́ ọ, ilé ni wọ́n máa ní kí n máa lọ."

"Ta ló bá ẹ wí?" Norma ní.

Wọ́n fi ọgbọ́n mú un wọlé. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́wù ọsàn sáré jáde, Derek na ọrùn. "Àwọn ọmọ wa dà?"

"Àwọn tó dà bíi kárọ́ọ̀tì yẹn náà ni," Keith Duxbury, tó ń jókòó lẹ́yìn wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fèsì. "Wọ́n ń gbá bíi kárọ́ọ̀tì náà."

"Ẹ má fi mí ṣeré, ọ̀gá."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò jáde. Marbrook ni, ìlú tó múlé gbè wọ́n, àwọn tí Derek kì í fẹ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀wù pupa ni tiwọn, àmọ́ pupa àti ọsàn jọra jù, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ̀wù fún ọjọ́ náà. Aró ni wọ́n wọ̀.

Derek dìde. Gbogbo ojú rẹ̀ tú ká. "Àwọn nìyẹn. Mo ti sọ fún yín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń kígbe ìṣírí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú yíjú padà. "Bàbá, tó bá jẹ́ Marbrook lẹ̀ ń ṣe, ẹ lọ bá wọn lọ́hùn-ún."

"Fi wọ́n sílẹ̀," Keith ní. "Ara wọn ò yá."

Norma fa ọkọ rẹ̀ lápá. "Derek, Marbrook nìyẹn. Tiwa ni ti ọsàn."

Derek wò ó títí. "Kí ni mo ṣe yín, mà, tẹ́ ẹ fi ń pa irú irọ́ yìí fún mi?" Omi dà lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ máa lọ sílé."

Norma di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilé wo? Bí wọ́n bá délé, á tún ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Olówó tó ṣe èyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Derek Haslam láyé.

Kí ìdajì eré tó pé, Marbrook gbá kọ́nà, ọmọkùnrin gíga kan sì forí kàn án wọlé. Ìjókòó àwọn ará Harnshaw pa rọ́rọ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Derek nìkan ló fò sókè, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra.

"Norma, o rí i? O rí nǹkan tó ṣe?"

Norma. Kò lè rántí ìgbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọmọ aláró ni obìnrin yìí. Bàbá rẹ̀ a máa sọ pé ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún Marbrook, kó wá ilé mìíràn gbé. Ó sì mọ̀ pé ní Sátidé tó ń bọ̀, funfun ni àwọn àlejò mìíràn máa wọ̀. Kò ní sí ẹlẹ́wù aró kankan lórí pápá. Ó dìde. Ó pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ wúwo bí òkúta. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn pòṣé. Norma kò wò ó.

"Ta ló wà níwájú?" Derek bi í.

"Àwa ni," Norma wí. "Àwa la wà níwájú."