Okùn Búlúù Tí Dàpọ̀ Kò Tíì Kọ Nǹkan Sí

Ṣadé ọmọ mi, jókòó, kí n sọ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ, Dàpọ̀ wa tó kú. Inú ẹ̀kọ́ ọṣẹ ṣíṣe tó máa ń kọ fún àwa oníṣẹ́ ọṣẹ láti kà lórí fóònù ni mo wà, ẹ̀kọ́ náà sì ti di ilé ńlá. Ìyá Ràmọ́tà àti Sùnmọ́nù tá a jọ ń kọ́ ọ wà níbẹ̀, wọ́n ń ro ọṣẹ. Ṣé o rántí àwọn ọ̀rọ̀ búlúù inú ẹ̀kọ́ náà tó máa ń ní kí n bá òun tẹ̀ wò, tí wọ́n á gbé mi lọ síbòmíì lórí fóònù, tí mi ò sì ní mọ bí màá ṣe padà? Wọ́n ti di okùn, wọ́n nípọn tó apá mi, wọ́n gba ojú fèrèsé lọ sókè sánmà, wọ́n ń mí bí ọmọ tó ń sùn. Dàpọ̀ so ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Èyí ń jáde kúrò nínú ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo ló ń lọ. Ẹ tẹ ọfà kí ẹ lè padà,” bó ṣe máa ń kọ ọ́ sí ìdí wọn nígbà tó wà láyé.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní ìwé. Ìdí rẹ̀ ni Dàpọ̀ jókòó sí pẹ̀lú bíírò.

Mo ní, “Dàpọ̀, níbo lèyí ń lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ tún ti fẹ́ sọnù. Mi ò tíì kọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé ibẹ̀ lo wà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo ka “Èyí ń jáde,” mo ka “kò sí ọfà,” ó wá ku orúkọ ibẹ̀. Mi ò dúró kó kọ ọ́ tán. Mo na ìka, ó kan okùn náà, mo sì jí.