Ìlà Mẹ́ta Níwájú Bàbá Àgbà

"Ẹ̀kọ́ ẹ̀tàn ni," bàbá àgbà mi wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Bryony, sáíkọ́lọ́jì yẹn lo máa fi sílẹ̀."

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni àwa ọmọ kíláàsì kejìlá ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Halifax, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni a ń gbé wọ ọdún tó kẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù tí a óò kọ èyí tí a fẹ́ jù sílẹ̀ sí ti wà lórí tábìlì ìdáná láti ọjọ́ Ajé. Bàbá Àgbà tó tọ́ mi dàgbà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lójú tirẹ̀, kí ènìyàn máa kọ́ nípa èrò ọkàn ẹlòmíì, àìríṣẹ́ṣe ni. Lójú tèmi, òun nìkan ni ẹ̀kọ́ tí mo máa ń kà títí oúnjẹ mi á fi tutù.

"Ẹ ò tíì fojú rí i, Bàbá," mo ní. "Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ará ilé ń wá wo iṣẹ́ wa. Ẹ wá. Bí ẹ ò bá rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, mi ò ní jiyàn."

"O ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Ẹnu mi ti yá ju mí lọ. Láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà, àdúrà ni mò ń gbà nínú bọ́ọ̀sì: Olúwa tó dá ọkàn ènìyàn, tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ kankan tó dé, má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí lónìí.

Iṣẹ́ wa kò le. Ìlà kan ṣoṣo wà lórí káàdì kan. Ìlà mẹ́ta, A, B àti C, wà lórí èkejì. Èwo nínú mẹ́ta ló bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba? Ọmọ ọdún mẹ́rin á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́fà ti jọ gbìmọ̀: láti káàdì kẹta lọ, irọ́ kan náà ni wọn á máa pa, kí a lè wo ohun tí ẹni keje, tí kò mọ nǹkan kan, yóò sọ. Èmi ni mò ń gbé káàdì sókè. Ọkùnrin tó ń tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe ló yẹ kó jẹ́ ẹni keje, àmọ́ páìpù bẹ́ ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá, kò lè wá.

Ni olùkọ́ wa, Mísísì Pickles, bá yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ará ilé ti ń dúró. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ẹ lè wá bá wa wo àwọn ìlà kan? Ìgbà tó bá wù yín ni ẹ lè dìde."

Bàbá Àgbà wọlé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó sípò ẹni keje. Bí mo bá ṣẹ́jú sí i pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kì í díẹ̀. Clifford Haigh, ọ̀gá káfíńtà,
a-wo-ilẹ̀kùn-lẹ́ẹ̀kan-mọ-ibi-tó-wọ́,
ẹni tó fojú lásán gé àtẹ̀gùn méjìlá tí ìkan ò ga ju ìkejì.
Kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. "Rárá" ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Káàdì méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Ẹ̀kẹta dé, C ló tọ̀nà, ó hàn gbangba.

"B," Nabeel tó jókòó ṣíwájú wí.

"B." "B." "B." "B." "B."

Bàbá Àgbà wo káàdì, ó wo Nabeel, ó wo èmi náà. "B ni," ó rọra wí.

Rárá fúnra rẹ̀! Ní káàdì kẹrin, ó tún tẹ̀lé wọn. Ní ìkarùn-ún, Millicent gbàgbé àdéhùn, òtítọ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "A." Kíá ni Bàbá Àgbà fi ọwọ́ lu orúnkún: "A! A ni, jàre!" Millicent fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ìkẹfà, gbogbo wọn padà sídìí irọ́, òun náà sì bá wọn padà.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí a tàn gbọ́dọ̀ gbọ́ òtítọ́ kó tó jáde. Èmi ni màá sì sọ ọ́.

"Bàbá, irọ́ ni a jọ pa fún yín. A fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa tẹ̀lé wa. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá fẹ́, a ó ya ìdáhùn yín dànù."

Ó mi orí. "Ẹ má ya nǹkan kan. Mo mọ̀ pé C ni. Ó fi ìbú èékánná gùn ju B lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ B?"

Ó fi fìlà nàka sí Nabeel. "Ọmọ yìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo rò pé ojú ń dùn ún ni, tí àwọn tó kù ń bò ó láṣìírí. Mo ní, àwọn ọmọ wọ̀nyí mà níwà o! Ṣé èmi àgbàlagbà ló máa wá dójú tì í?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojú mi ò ṣe nǹkan kan o!" Nabeel pariwo.

"Ìwọ lo mọ̀. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò." Ó wá yíjú sí Millicent. "Àmọ́ nígbà tí ìwọ sọ òtítọ́, ara tù mí! Ẹnì kan péré ti tó fún mi."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Mísísì Pickles. "Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn gan-an!"

Nígbà tí à ń jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún díndín nílé, Bàbá Àgbà fi pẹ́ńsùlù fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé tí wọ́n fi dì í.

"Bryony, ká ní a mú Ged ọ̀rẹ́ mi wá, alágídí yẹn. Kí èmi jókòó ṣíwájú rẹ̀, kí n máa sọ pé B."

"Ẹ ò lè purọ́, Bàbá. Ẹ̀rín á pa yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wò mí." Ó fa ojú le. "B—" Ẹ̀rín gbà á, tíì tú sórí tábìlì, mo sì sáré gba fọ́ọ̀mù kó má baà rin.

Ó nu ojú rẹ̀, ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. "Èwo nínú mẹ́ta tó kù ló ń sú ọ?"

"Bàyọ́lọ́jì."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì ti pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Nígbà tí mo ń fọ abọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ níwájú dígí: "B... B ni... B, jàre," àti ẹ̀rín lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.