Hillegonda àti Àwọn Alọ́kùn

Ìgbóná ló gba ojú Hillegonda láti kékeré, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu rẹ̀. Ìwé tó ń pè, tí Neeltje ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń bá a kọ, wọ́n ń kà á dé Amsterdam, àwọn ọlọ́lá a sì máa sunkún lé e lórí. Wọ́n á sunkún tán, wọ́n á padà sídìí oúnjẹ wọn. Nílùú tirẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ kéékèèké ṣì ń yí kẹ̀kẹ́ ìlọ́kùn nílé iṣẹ́ okùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń bó.

Ìgbìmọ̀ ìlú ti bá a ṣàdéhùn báyìí: bí àwọn bàbá ọmọ bá lè bá a wá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ilé ẹ̀kọ́ làwọn fẹ́, ìgbìmọ̀ á fòfin de iṣẹ́ ọmọdé náà. Ìyẹn ló ṣe pè wọ́n wá sílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Wọ́n bọ́ bàtà onígi wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé. Neeltje bu kọfí fún wọn.

“Àǹtí Hillegonda,” Krijn alọ́kùn, ẹ̀gbọ́n Neeltje, ní, “kọfí yín yìí dúdú ju ọkàn Adriaan lọ o!”

“Dákẹ́ ńbẹ̀ jàre,” Adriaan dá a lóhùn. “Ṣé o ti gbàgbé pé o hanrun nínú ìwàásù láàárọ̀ yìí?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Hillegonda náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti Maatje, ọmọ Krijn, tó sùn lọ nídìí kẹ̀kẹ́ tí okùn fi gé e níka. Ẹ̀rín dákẹ́. Ikọ́ dákẹ́. Bí ilé ṣe ń pa rọ́rọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn, ó ní ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára. Ó wá tú gbogbo ọkàn rẹ̀ jáde.

“Ó yá, ta ló máa bá mi lọ lọ́la? Krijn?”

Ìta ló ti gbọ́ ìró bàtà onígi lórí bíríkì, kò-kò-kò, ó ń jìnnà lọ.

“Neeltje, ta ló ń lọ yẹn?”

“Gbogbo wọn ni, Àǹtí. Ọ̀gá ilé okùn ló ń nàjú kọjá. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“O ò ta aṣọ bò ó?”

“Lọ́sàn-án gangan? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ṣe burúkú kì í bo fèrèsé.”

Òótọ́ ni. Kò sí ilé ọmọlúàbí kan ládùúgbò tó ń bò ó. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò lè bínú sáwọn ọkùnrin náà.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mò ń wàásù fún àga!”

Neeltje dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dìde. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.”

“Mi ò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.”

“Mo rọra ṣí i ni, Àǹtí. Kí ẹ má baà gbọ́.”

Hillegonda wá àga rẹ̀, ó jókòó. Àwọn ọkùnrin yẹn kọ́ ló dùn ún. Láti ìgbà èwe ló ti ń fi ojú Neeltje ríran. Ta ni òun yóò wá máa pe ìwé fún báyìí?