Aṣọ Tí Wọ́n Pè Ní Ọwọ́ Òfo

Bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù Alhaja Hajarat ní Randall Street nígbà náà, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Broad Street ní fáànù òkè àti gíláàsì tó ń dán, owó wọn sì tó láti ra ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti òrùlé láàárọ̀, kí wọ́n tún gbàgbé kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ìdì ańkárá tuntun bá dé Monrovia, ọ̀dọ̀ Hajarat ni àwọn obìnrin tó ń ra aṣọ lọ tà ní ìgbèríko kọ́kọ́ ń yà sí. Ohun tó ń fà wọ́n wá kò sí nínú àpótí owó rẹ̀. Ma Kebbeh ni.

Ọmọ ilẹ̀ Liberia ni Ma Kebbeh, Barnersville ló ń gbé, òun sì ni aṣáájú àwọn aláṣọ náà. Iṣẹ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀: òun ló ń sọ aṣọ lórúkọ. Aṣọ tí kò lórúkọ kì í tà nílùú yẹn, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ta ni yóò wọ mọ́tò láti Gbarnga wá béèrè fún "èyí tó ní òdòdó lára yẹn"? Orúkọ ni wọ́n ń pè. Ma Kebbeh á jókòó sórí àpótí onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ́ aṣọ sórí itan, á wò ó bí ìyá àgbà ṣe ń wo ọmọ tuntun, á wá ní, "Èyí ń jẹ́ Ọkọ Mi Ò Sùn Nílé." Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdì náà á ti tán.

Hajarat kò sanwó iṣẹ́ yìí fún un rí, òun náà kò sì béèrè. Ohun tó wà láàárín wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ma Kebbeh ló wẹ Kamorat, ọmọ Hajarat, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tí ìyá Ma Kebbeh kú lọ́jọ́ ogbó, Hajarat kó àwọn obìnrin Nàìjíríà lẹ́yìn, wọ́n ru ìdì aṣọ funfun kan wọ Barnersville pẹ̀lú orin. Musu, ọmọ kan ṣoṣo tí Ma Kebbeh bí, abẹ́ tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn ló dàgbà sí, tó ń fi àjákù aṣọ ran ẹ̀wù fún ọmọláńgidi. "Ìyá mi ti Randall" ló ń pe Hajarat. Hajarat sì ti fi aṣọ kan pamọ́ dè é, aṣọ funfun tí ẹyẹ aláró ń fò lára rẹ̀, fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí àwọn èèyàn bá ń bi í bó ṣe ń bá àwọn olówó Broad Street figagbága, èsì kan ló ní: "Èèyàn laṣọ mi."

Lọ́dún kẹta tí àwọn sójà gbàjọba, ibà mú Musu. Kò pẹ́ tó fi kú.

Hajarat ṣubú lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì nígbà tó gbọ́. Nígbà tó dìde, ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní Ìnísà ló rò láti ṣe. Bí àgbàlagbà bá kú, à á ru aṣọ lọ, à á kọrin. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ọwọ́ lásán la fi ń lọ. À á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, à á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, à á dìde. Àgbà kì í sì í dúró níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọdé.

Kamorat, tí wọ́n bí sí Monrovia, wò ó bó ṣe ń wé gèlè dúdú.

"Mummy, ẹ ò mú aṣọ dání?"

"Aṣọ kí ni?"

"For the wake. Gbogbo friends Ma Kebbeh ló máa mú aṣọ wá. Wọ́n á máa pe orúkọ one by one, wọ́n á sì gbé aṣọ yẹn lé Musu lára kó fi lọ. Tí wọ́n bá wá pe orúkọ yín ńkọ́?"

"Kí n di ẹrù aṣọ lọ síbi òkú ọ̀fọ̀? Ṣé àríyá ni mo fẹ́ lọ ṣe? Èèwọ̀ ni nílé wa!"

"This is not Ìnísà, Mummy."

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Hajarat mọ òwe yìí dáadáa, ó sì máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, kò rántí pa á fún ara rẹ̀.

Ó lọ lọ́sàn-án. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ma Kebbeh mú, ó ní kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró, ó padà sílé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àìsùn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún un pè. Ma Kebbeh gbórí sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Hajarat tó gbọ́ gbogbo èyí, torí pé ní wákàtí yẹn, orí ẹní ló wà nílé, kò fẹnu kan oúnjẹ, ó ń sunkún.

Ma Kebbeh kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Hajarat rò pé ìbànújẹ́ ló dá a dúró sílé, ó ní òun ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdì tuntun dé. Àwọn obìnrin wá, wọ́n ní kí ni orúkọ rẹ̀. Hajarat gbìyànjú, ó ní, "Ìfẹ́ Dára." Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n kí i pé ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti Gardnersville wọlé. "Ma, ẹ ní Empty Hand?"

Ọwọ́ Òfo. Kamorat ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

"Aṣọ dúdú tí àtẹ́lẹwọ́ pupa wà lára ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń rà á ní Broad Street. Ma Kebbeh ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wá síbi òkú ọmọ òun lọ́wọ́ òfo."

Obìnrin náà kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Hajarat, tó wà nídìí tábìlì, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé aṣọ ẹlẹ́yẹ, ó wọ takisí lọ sí Barnersville. Ma Kebbeh wà lẹ́yìnkùlé, ó ń já ewé ọ̀dùnkún tí yóò fi sebẹ̀. Hajarat kúnlẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì Monrovia tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: Ìnísà, òkú ọ̀fọ̀, ọwọ́ lásán, ẹní, ẹkún.

Ma Kebbeh dá ọwọ́ dúró lórí ewé. "Ṣé o sunkún?"

"Ojú mi ò tíì gbẹ."

"Mo rò pé ìyá ẹ̀ ti Randall ò rí àjákù aṣọ kan fún un." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, ewé dà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti gbọ́, Hajarat. Inú ò bí mi sí ọ mọ́."

"Ó dáa, padà wá lọ́la. Àpótí ẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ma Kebbeh mi orí. "Bí mo bá wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni n ó máa wò lábẹ́ tábìlì yẹn. Mi ò lè ṣe é."

"Orúkọ aṣọ yẹn ńkọ́? Jọ̀ọ́, gbà á padà."

"Ó ti dé Gbarnga, ó ti dé Voinjama. Ta ni yóò sá tẹ̀lé e?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Hajarat tẹ́ aṣọ ẹlẹ́yẹ sórí itan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ma Kebbeh fọwọ́ pa àwọn ẹyẹ náà lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Hajarat ń retí kó sọ orúkọ kan, orúkọ yòówù kó jẹ́. Ma Kebbeh ká aṣọ náà, ó gbé e padà fún un.

"Musu ti lọ. Tọ́jú ẹ̀ fún Kamorat."

Ọjà wá burú. Kamorat ní bí àwọn ò bá ta ohun tí ìlú ń béèrè, àwọn á ti ilẹ̀kùn ni. Hajarat kò kọ̀. Kamorat gbé ìdì kan wá, ó gbé aṣọ dúdú náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn àtẹ́lẹwọ́ pupa sì ń wo títì.

Obìnrin kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá fọwọ́ kàn án. "Ma, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Kamorat fẹ́ yára dáhùn kí ìyá rẹ̀ má baà sọ ọ́. Hajarat gbọ́wọ́ sókè dá a dúró.

"Ọwọ́ Òfo ni," ó ní.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdì náà ti tán. Àpótí Ma Kebbeh wà níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.