Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Yín?

Tẹlifóònù tí Ọláoyè fi ń ṣòwò ní àdúgbò Adébáyọ̀ kò ní wáyà, ọ̀pá irin gbọọrọ kan lórí òrùlé ló fi ń gbọ́rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbá ọ̀pá yìí díẹ̀ báyìí, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa ha bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ọláoyè á sáré jáde lọ yí i, á máa pariwo láti ìta pé, "Ṣé ó ti dáa?" Irú iṣẹ́ wo nìyẹn fún ọkùnrin tó wọ táì? Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe? Ọdún tí àwọn sójà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nílé ìjọba ni, bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, ọkọ̀ kò sì rọrùn rí. Ẹni tó bá ní èèyàn l'Ékòó, ẹ̀rọ yẹn náà ni yóò máa wò lójú.

Láti àárọ̀ ni Kíkẹ́lọmọ, àgbẹ̀ kan láti Ìyìn, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì Ọláoyè. Aṣọ funfun Àládùúrà rẹ̀ ló wọ̀, ibi àdúrà ló gbà wá. Lálẹ́ àná ni dírẹ́bà kan jẹ́ iṣẹ́ fún un pé Akínbọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ékòó, ní kó dúró ti fóònù lónìí. Àdúgbò Akínbọ́lá yìí ni Fúnkẹ́mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Fúnkẹ́mi nìkan ni ọmọ tí Kíkẹ́lọmọ bí, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù.

"Ó ti bímọ ni," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Nígbà tí fóònù dún, Ọláoyè gbé e, ó ní, "Yèyé, tiyín ni," ó sì bọ́ síta lọ bá ọ̀pá rẹ̀.

"Akínbọ́lá, Fúnkẹ́mi ń kọ́?"

Fóònù ń ha. Ohùn Akínbọ́lá wá, ó lọ, ó tún padà. "Ẹ̀gbọ́n mi... ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Èmi nìkan ni. Ṣé ó ti bí?"

"Ta ló wà... Ṣé kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀ ni?"

Ta ni kò mọ ìbéèrè yẹn? Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, ṣé ó máa ń ka èèyàn inú yàrá kó tó sọ̀rọ̀? Ẹni tó ru ẹrù tó wúwo ló ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Nílé tiwa, àgbà méjì mẹ́ta ni í rọra wọlé tọ ìyá, wọ́n á kí i, wọ́n á béèrè oko, obìnrin kan á sì ti fara tì í kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Kíkẹ́lọmọ fúnra rẹ̀ ti bá wọn ṣe é rí. A kì í pariwo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ariwo nìkan ni fóònù burúkú yìí gbọ́.

"Akínbọ́lá, sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́."

"Ẹ fún ọkùnrin kan... ní fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"N kò fún ẹnì kankan."

"Ṣé ó ti dáa?" Ọláoyè ń pariwo láti ìta. Kíkẹ́lọmọ tẹ fóònù mọ́ etí. Inú ń bí i sí Akínbọ́lá, inú ń bí i sí ọ̀pá irin yẹn, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun kò ti wá ọkọ̀ lọ sí Èkó láti oṣù tó kọjá.

Ọláoyè wọlé, ó rí ojú rẹ̀, ó sì rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, sà." Ó kọjú sí ògiri. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Hẹ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù, kò sì wo Kíkẹ́lọmọ lójú.

"Yèyé, línì ti bàjẹ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé, màá sìn yín dé Ìyìn."

Ọkùnrin tí kì í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ jẹun! Irọ́ àánú ni, irú èyí tí gbogbo wa máa ń pa, ṣùgbọ́n Kíkẹ́lọmọ kò fẹ́ ẹ. Ó gba fóònù, ó fi sétí.

Ariwo ti lọ. Ohùn Akínbọ́lá mọ́ gaara. Ó rò pé Ọláoyè ló ṣì ń gbọ́ òun.

"...ẹ ṣáà bá mi mú wọn délé ná, kí ẹ wá àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ tuntun yẹn nìkan ló kù fún wa báyìí."

Ọláoyè nawọ́ láti gba fóònù, kò rí i gbà. Kíkẹ́lọmọ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Akínbọ́lá, èmi ni." Kò pariwo. "Akọ ni àbí abo?"

Línì kò já. Ó ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀.

"Sọ fún mi, kí n mọ orúkọ tí n ó pè é."

Akínbọ́lá bú sẹ́kún.